Bí a ṣe ń fi àǹtíbọ́dì wá CD4 lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ènìyàn: láti orí yíyan clone títí dé ojú ẹ̀rọ

Ẹni tó ń ṣe ìwádìí ní yàrá àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ flow cytometer (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan), tó sì fẹ́ fi àǹtíbọ́dì (purotéènì tó ń dá ohun kan pàtó mọ̀ tó sì ń gbá a mú, tí wọ́n so aró tó ń tàn mọ́) wá CD4 nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Mi ò kọ ọ́ fún àyẹ̀wò aláìsàn ní ọsibítù. Ìyẹn ní kíìtì tirẹ̀ àti ìlànà tirẹ̀, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá sì ní kí ẹ fi 20 µL sí i, 20 µL ni kí ẹ fi sí i. Igo tí wọ́n bá kọ "Research Use Only" (fún ìwádìí nìkan) sí lára, ẹ má ṣe fi èsì rẹ̀ pinnu oògùn fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá. CD4 jẹ́ purotéènì tó yọrí síta lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí à ń pè ní T olùrànlọ́wọ́, èyí tó máa ń ké sí àwọn sójà ara yòókù nígbà tí àrùn bá wọlé. Lára CD4 yìí kan náà ni HIV, kòkòrò apa sójà ara, máa ń rọ̀ mọ́ kó tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ní 1984 ni àwọn olùwádìí ní London àti Paris fi èyí hàn: wọ́n fi àǹtíbọ́dì bo CD4 mọ́lẹ̀, kòkòrò náà ò sì ríbi wọlé mọ́. Ara àgbàlagbà tó le máa ń ní nǹkan bí 500 sí 1,500 irú sẹ́ẹ̀lì yìí nínú µL ẹ̀jẹ̀ kan. Bí ó bá kéré sí 200 lára ẹni tó ní HIV, àjọ WHO ka ìyẹn sí àrùn tó ti jinlẹ̀.

Kí ẹ tó rà á: clone wo ni?

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ. Tí ẹ bá ti ra igo tí clone rẹ̀ kò yẹ, kò sí ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe lẹ́yìn náà tí yóò tún un ṣe.

Ọ̀nà tí Georges Köhler àti César Milstein là ní Cambridge ní 1975 ni wọ́n ṣì fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àǹtíbọ́dì wọ̀nyí. Wọ́n á gún eku ní abẹ́rẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ kí àǹtíbọ́dì náà dá mọ̀, wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè àǹtíbọ́dì lára rẹ̀, wọ́n á so ó pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í kú. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ nínú àdàpọ̀ yìí, pẹ̀lú gbogbo àtọmọdọ́mọ rẹ̀, ni clone. Àǹtíbọ́dì kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, ojú kan náà ni ó sì ń gbá mú lára CD4.

Àwọn clone tí ẹ máa bá pàdé jù ni SK3 (tí wọ́n tún ń pè ní Leu-3a), RPA-T4 àti OKT4. "Anti-human CD4" ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n apá CD4 tó yọ síta sẹ́ẹ̀lì pín sí mẹ́rin, láti D1 tó wà lókè pátápátá títí dé D4 tó sún mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì. SK3 àti RPA-T4, D1 ni wọ́n ń dì mú. OKT4, D3 ni.

Èyí kan àwa gan-an ju bó ti kan àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣe àwọn igo wọ̀nyí lọ. Àwọn ènìyàn kan wà tí àbùdá CD4 wọn fi ẹyọ kan yàtọ̀: ní ipò 240 lára purotéènì náà, níbi tó yẹ kí arginine (ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì) wà, tryptophan ló wà níbẹ̀. CD4 wọn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ara wọn sì le, ṣùgbọ́n OKT4 kò dá a mọ̀. Láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ni èyí ti wọ́pọ̀ ju láàárín òyìnbó lọ. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, OKT4 á ní kò ní CD4 kankan. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á tàn, àmọ́ títàn náà á rẹlẹ̀ sí ti ẹlòmíràn, ẹni tí kò mọ̀ á sì máa fura sí ẹ̀rọ tàbí sí ọmọ tó gbá pìpẹ́ẹ̀tì mú. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ara rẹ̀ le koko, tí ìwé àyẹ̀wò wá ń sọ pé òfo ni CD4 rẹ̀. Kò sí àrùn kankan níbẹ̀. Igo ló purọ́.

Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò bá jẹ́ ti ará Ìbàdàn, Kútọnu, Salvador da Bahia ní Brazil tàbí ti ọmọ wa ní Peckham ní London, SK3 tàbí RPA-T4 ni kí ẹ rà fún kíka sẹ́ẹ̀lì.

Kí ẹ má sì tìtorí èyí ju OKT4 dànù. Ó ní iṣẹ́ tí àwọn yòókù kò lè ṣe. Orí D1 kan náà ni gp120, purotéènì tó wà lára HIV, máa ń bà sí. Bí ẹ bá da gp120 tàbí kòkòrò náà fúnra rẹ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń tọ́, ó ti jókòó síbi tí SK3 àti RPA-T4 fẹ́ jókòó. Títàn wọn á wálẹ̀, ẹ ó sì rò pé CD4 ló pòórá. OKT4 ò bá a du àyè yẹn. Bákan náà, bí ẹ bá fẹ́ fi àǹtíbọ́dì ya sẹ́ẹ̀lì CD4 sọ́tọ̀ kí ẹ tó kó HIV bá wọn, clone tó ń di D1 mú lè dí ọ̀nà mọ́ kòkòrò náà, kí ìwádìí yín sì ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo irú ẹran tí igo náà wà fún pẹ̀lú. GK1.5 gbajúmọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n CD4 ti eku ló ń wá, kò mọ ti ènìyàn. Ẹni tó ń fi ọ̀bọ ṣèwádìí lè wo L200, tó ń dá ti ènìyàn àti ti ọ̀bọ macaque mọ̀.

Ó ku aró tí wọ́n so mọ́ ọn. CD4 pọ̀ lára T olùrànlọ́wọ́, nítorí náà aró tí kò tàn púpọ̀ bíi FITC náà á ṣiṣẹ́. Ẹ fi PE, aró tó ń tàn gan-an, sílẹ̀ fún ohun tó ṣọ̀wọ́n lára sẹ́ẹ̀lì, bí ẹ bá ní irú rẹ̀ láti wá. Àwọn aró aláfipọ̀ bíi PE-Cy7 dára lójú ìwé, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ àti ooru tètè máa ń ya wọ́n nípá. Tí wọ́n bá ti ya, Cy7 á dákẹ́, PE á máa tàn láìyẹ, ẹ̀rọ á sì máa rí ohun tí kò sí. Níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, èmi ò ní ra aró aláfipọ̀ bí FITC, PE tàbí APC bá lè ṣe iṣẹ́ náà.

Nígbà tí igo bá dé

Ẹ ṣí páálí náà lójú ẹsẹ̀, pàápàá bó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ fọwọ́ kan yìnyín tó wà nínú rẹ̀, ẹ kọ bí ẹ ṣe bá a sílẹ̀: ṣé ó ṣì tutù, ṣé ó ti di omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́? Ẹ kọ orúkọ clone, aró, nọ́ńbà lot (ti àkójọ tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) àti ọjọ́ tó dé sínú ìwé. Bí ó bá ní nọ́ńbà RRID (nọ́ńbà tí àwọn olùwádìí fi ń dá àǹtíbọ́dì kan pàtó mọ̀), ẹ kọ ìyẹn náà, nítorí àwọn tó ń tẹ ìwádìí jáde ń béèrè fún un.

Fíríìjì ni ilé rẹ̀, láàárín 2°C sí 8°C, nínú òkùnkùn. Ẹ má gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì níbi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń fẹ́ lù ú ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá wá mú omi (omi mímu ò sì yẹ kó wà nínú fíríìjì yẹn rárá). Ẹ má sì gbé e sí fìrísà láé. PE àti APC jẹ́ purotéènì. Tí wọ́n bá di yìnyín tí wọ́n sì tún yọ́, wọn kì í rí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí iná bá lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ kó àwọn igo sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín, kí ẹ fi aṣọ tàbí páálí sí àárín kí yìnyín má bàa kan ara igo.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ yí i nínú ẹ̀rọ sẹ́ńtífúùjì kékeré fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìdajì ohun tí ẹ sanwó fún lè wà lórí ìdérí.

Ẹ̀jẹ̀

Túùbù EDTA (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), èyí tó ní ìdérí àwọ̀ àlùkò, ni kí ẹ lò. Ẹ gbà á kún dé ojú àmì, kí ẹ rọra yí i lóríkodò ní ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ má mì í. Ẹ kọ aago tí ẹ gbà á, nítorí iye CD4 máa ń yí padà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ó máa ń rẹlẹ̀ láàárọ̀, ó sì máa ń gòkè lálẹ́. Ẹni tí ẹ bá ń tọpa rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, àsìkò kan náà ni kí ẹ máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà á, ẹ má gbé e sí fíríìjì. Yàrá tó tutù níwọ̀nba, ní nǹkan bí 20°C, ló fẹ́. Inú mọ́tò tí oòrùn ọ̀sán ń pa kì í ṣe irú yàrá bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fi kúlà láìsí yìnyín tó fara kàn án gbé e. Ẹ sapá kí àǹtíbọ́dì ti wọ inú rẹ̀ láàárín wákàtí 24.

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kà sí ẹ̀jẹ̀ tó lè ní HIV tàbí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B), bó tilẹ̀ jẹ́ ti ọ̀gá yín. Ìbọ̀wọ́, kóòtù, bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ohun pípò

Omi ìfọ̀: ẹ wá PBS (omi iyọ̀ tó bá ti ara mu), kí ẹ fi BSA (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) 1% sí i, tàbí FBS (omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú màlúù) 2%. Àwọn kan ń fi sodium azide 0.1% sí i kó má bàa hu. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ májèlé ni, tí a bá sì ń dà á sínú síǹkì tó ní páìpù bàbà tàbí òjé, ó lè kó jọ síbẹ̀ di ohun tó ń bú gbàù. Bí ẹ bá máa lo sẹ́ẹ̀lì náà láàyè lẹ́yìn náà, ẹ má fi azide sí i rárá.

Omi tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa: 8.02 g ammonium chloride, 0.84 g sodium bicarbonate, 0.37 g EDTA oní-sodium-méjì, sínú lítà kan omi tí a sè di mímọ́. Kí pH rẹ̀ wà láàárín 7.2 sí 7.4. Ẹ jẹ́ kó bá yàrá dọ́gba kí ẹ tó lò ó; tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti fíríìjì bọ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa á lọ́ra láti fọ́.

Wíwá ìwọ̀n tó tọ́

Ohun tí ilé iṣẹ́ bá kọ sára igo, ká ní 5 µL fún túùbù kan, ìwọ̀n tó bá ẹ̀rọ tiwọn àti sẹ́ẹ̀lì tiwọn mu nìyẹn, wọn kì í sì í ṣe aláìní. Tiyín lè jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀. Bí 1.25 µL bá tó yín, igo tí wọ́n ní kó fún yín ní 100 túùbù á fún yín ní 400. Pẹ̀lú bí dọ́là ṣe wà yìí, mi ò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa fo ìgbésẹ̀ yìí. Owó nìkan kọ́ sì ni: àǹtíbọ́dì tó pọ̀ jù máa ń rọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì tí kò ní CD4.

Ẹ to túùbù kékeré mẹ́fà. Ẹ fi 20 µL àǹtíbọ́dì láti inú igo sí àkọ́kọ́. Ẹ fi 10 µL omi ìfọ̀ sí márùn-ún yòókù. Ẹ mú 10 µL láti inú túùbù kìíní sí ìkejì, kí ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì fà á sókè sódò ní ìgbà márùn-ún. Ẹ pààrọ̀ orí pìpẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú 10 µL láti inú ìkejì sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹfà, kí ẹ sì da 10 µL tó kẹ́yìn nù. Ní báyìí, 10 µL ló wà nínú túùbù kọ̀ọ̀kan, àmọ́ àǹtíbọ́dì tó wà nínú wọn ń dín ní ìdajì ìdajì: 10 µL, 5, 2.5, 1.25, 0.63, 0.31. Ìdí tí a fi ń là á báyìí ni pé kò sí pìpẹ́ẹ̀tì tó lè wọn 0.31 µL kí èèyàn fọkàn tán an.

Ẹ fi 100 µL ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan náà àti àǹtíbọ́dì CD3 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ ṣe wọ́n bí mo ṣe máa sọ nísàlẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn sórí ẹ̀rọ.

Lójú ẹ̀rọ, ẹ wo àwọn T, ìyẹn àwọn tó ní CD3. Wọ́n á pín sí agbo méjì: àwọn tó ní CD4 àti àwọn tí kò ní, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní CD8, àmì àwọn T apani. Ẹ mú ìwọ̀n títàn àárín agbo tó ń tàn, ẹ yọ ti agbo tí kò tàn kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ fi ìlọ́po méjì ìfọ́nká agbo tí kò tàn, èyí tí ẹ̀rọ ń kọ ní SD, pín ohun tó kù. Nọ́ńbà tó bá jáde ni stain index. Ẹ ṣe é fún túùbù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ ó rí i pé bí àǹtíbọ́dì ti ń dín láti 10 µL, agbo tí kò tàn á kọ́kọ́ máa lọ sílẹ̀, tí agbo tó ń tàn kò sì ní mira; lẹ́yìn náà ni ti èyí tó ń tàn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ibi tí nọ́ńbà yẹn ti ga jù lọ ni ìwọ̀n yín. Bí túùbù méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, èyí tí àǹtíbọ́dì rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ni kí ẹ mú, kí ẹni tí sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ pọ̀ má bàa lò ó tán.

Gbogbo ìgbà tí lot bá yí padà ni kí ẹ tún un ṣe.

Kíkun ẹ̀jẹ̀ náà

Fún iṣẹ́ gan-an, àǹtíbọ́dì mẹ́rin ni mo fẹ́ràn láti fi sínú túùbù kan: CD45 (tó wà lára gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun) nínú aró PerCP, CD3 nínú FITC, CD8 nínú PE, CD4 nínú APC. Ẹ pò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún gbogbo túùbù, kí ẹ ṣe é ní àpọ̀jù díẹ̀, kí ẹ má máa kán wọn sí i níkọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ fi àpòpọ̀ náà sí ìsàlẹ̀ túùbù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi 100 µL ẹ̀jẹ̀ sí i. Ẹ rí i pé ẹ̀jẹ̀ ò kù sí ara túùbù lókè. Èyí tó bá kù síbẹ̀ kò ní kan àǹtíbọ́dì, tó bá sì wá ṣàn wálẹ̀ nígbà ìfọ̀, á dà bí sẹ́ẹ̀lì tí kò ní nǹkankan. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ìwé ìnuwọ́ tí ẹ lọ́ ṣóńṣó nù ún.

2. Monocyte, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, ní ọwọ́ tó ń gba ìdí àǹtíbọ́dì èyíkéyìí mú, tí wọ́n ń pè ní Fc receptor. Bí ẹ bá máa dí i, ẹ fi ohun ìdínà Fc ti ènìyàn sí ẹ̀jẹ̀ náà kí ẹ tó dà á lé àpòpọ̀ àǹtíbọ́dì ní ìgbésẹ̀ kìíní, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nínú odindi ẹ̀jẹ̀, àǹtíbọ́dì tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń dí púpọ̀ níbẹ̀; lára sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti fọ̀ ni ìdínà yìí ti pọn dandan.

3. Ẹ pò ó, kí ẹ gbé e sínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Àpótí kan tàbí bébà fọ́ìlì ti tó.

4. Ẹ da 2 mL omi tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nínú òkùnkùn. Ẹ gbé túùbù sókè sí ìwé tí a kọ nǹkan sí: tí ẹ bá ti lè ka ohun tí a kọ láti òdìkejì, ó ti fọ́. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú 15, àwọn funfun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà.

5. Ẹ yí i ní 500 g fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní g (agbára tó ń fa sẹ́ẹ̀lì sísàlẹ̀), mi ò ní rpm (iye ìyí nínú ìṣẹ́jú kan). Bí ẹ̀rọ sẹ́ńtífúùjì yín bá ń ka rpm nìkan, ẹ wọn láti àárín rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ túùbù ní sẹ̀ǹtímítà: 0.00001118 lọ́nà ìwọ̀n yẹn lọ́nà rpm lọ́nà rpm ló ń fún yín ní g. Bí ìwọ̀n náà bá jẹ́ 15 cm, 500 g jẹ́ nǹkan bí 1,730 rpm. Ẹ kọ ọ́ sí ara ẹ̀rọ náà kí ẹnikẹ́ni má tún ṣírò rẹ̀ mọ́.

6. Ẹ da omi rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láì mì í. Ẹ fi 2 mL omi ìfọ̀ sí i, ẹ tún un yí, ẹ tún un dà. Ẹ fi 300 µL omi ìfọ̀ tú sẹ́ẹ̀lì náà ká.

7. Ẹ gbé e lọ sórí ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti gba ẹ̀rọ, ẹ fi paraformaldehyde 1% (kẹ́míkà tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì dúró bó ṣe wà) rọ́pò omi ìfọ̀ ìkẹyìn, ẹ gbé e sí fíríìjì nínú òkùnkùn, kí ẹ kà á kí wákàtí 24 tó pé.

Ẹ má gbàgbé àwọn túùbù ẹlẹ́rìí: ọ̀kan tí kò ní àǹtíbọ́dì kankan, ọ̀kan fún aró kọ̀ọ̀kan ní òun nìkan kí ẹ̀rọ lè mọ bí ìmọ́lẹ̀ aró kan ṣe ń tú sí ojú ìran (ojú tí ẹ̀rọ fi ń rí aró kan) ti ìkejì, àti ọ̀kan tó ní gbogbo wọn àyàfi CD4. Túùbù ìkẹyìn yìí ni mo fi ń fa ìlà láàárín àwọn tó ní CD4 àti àwọn tí kò ní. Àwọn kan máa ń ra isotype control (àǹtíbọ́dì tí kò wá ohunkóhun lára sẹ́ẹ̀lì). Fún CD4 tó pínyà kedere báyìí, èmi ò kà á sí ohun tó yẹ kí a náwó lé.

Lójú ẹ̀rọ

Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́ra wọn kúrò: ẹ fi FSC-A kọjú sí FSC-H (FSC ni ìmọ́lẹ̀ tó ń fi bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tóbi hàn; A ni fífẹ̀ àmì rẹ̀ lápapọ̀, H ni gíga rẹ̀), kí ẹ mú àwọn tó wà lórí ìlà gbọọrọ náà nìkan. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi CD45 kọjú sí SSC (ìmọ́lẹ̀ tó ń fi bí inú sẹ́ẹ̀lì ṣe kún fún hóró hàn). Lymphocyte, ìdílé sẹ́ẹ̀lì funfun tí T wà nínú rẹ̀, ni àwọn tí CD45 wọn ga jù tí SSC wọn sì kéré jù. Ẹ fa ààlà yí wọn ká, kí iye wọn má dín sí 2,500. Nínú wọn, ẹ mú àwọn tó ní CD3. Lára àwọn wọ̀nyí ni ẹ ó ti wá fi CD4 kọjú sí CD8.

Àwọn kan máa ń fo CD3, wọ́n á ní CD4 nìkan ti tó. Kò tó. Monocyte náà ní CD4, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kò pọ̀ tó ti T. Bí ààlà yín bá fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á yọ́ wọlé, wọ́n á sì wà nínú iye tí ẹ kà. Lójú àwòrán, ẹ ó rí wọn bí agbo tó dúró láàárín, kò sí lókè, kò sí nísàlẹ̀. CD3 ló ń lé wọn jáde.

Àyẹ̀wò kékeré kan wà tó máa ń tú àṣírí iṣẹ́ tí kò dára: ẹ ro CD4 pọ̀ mọ́ CD8. Ó yẹ kó sún mọ́ gbogbo CD3. Díẹ̀ tó bá kù lè jẹ́ T irú gamma-delta, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí àlàfo náà bá fẹ̀ gbàgà, tí ẹ kò sì rí agbo CD4 rárá lára ẹnì kan ṣoṣo láàárín ọ̀pọ̀, ẹ lọ wo orúkọ clone kí ẹ tó pe ẹni náà. Tó bá jẹ́ OKT4, ẹ fi SK3 tún un ṣe.

Bí iye sẹ́ẹ̀lì nínú µL lẹ ń wá, tí kì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tí a mọ iye rẹ̀ nínú túùbù ni ẹ ó fi kà á, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ náà rárá, nítorí ìfọ̀ á kó ìlẹ̀kẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì lọ. Iye CD4 tí ẹ̀rọ rí, pín in sí iye ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ̀rọ rí, kí ẹ fi iye ìlẹ̀kẹ̀ tó wà nínú túùbù sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí µL ẹ̀jẹ̀ tí ẹ lò. Ká ní CD4 jẹ́ 4,200, ìlẹ̀kẹ̀ 10,000, ìlẹ̀kẹ̀ inú túùbù 50,000, ẹ̀jẹ̀ 50 µL: 420 nìyẹn. Bí pìpẹ́ẹ̀tì bá fi 5 µL ṣì í lórí ẹ̀jẹ̀ yẹn, nọ́ńbà náà á fi ìdá mẹ́wàá ṣì í.

Tí kò bá rí bó ṣe yẹ

Gbogbo ènìyàn ni títàn CD4 wọn ń rọ̀, kì í ṣe ẹnì kan: ẹ wo igo. Ṣé ó ti di yìnyín rí, ṣé ó ti wà níta mọ́jú? Ẹ fi í kun ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ ti mọ èsì rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì Jurkat, tó ní CD4, àti Raji, tí kò ní (sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́ ní yàrá ìwádìí ni méjèèjì), náà dára fún irú ìdánwò yìí bí ẹ bá ní wọn nínú nitrogen olómi.

Agbo tí kò ní CD4 ń gòkè: àǹtíbọ́dì ti pọ̀ jù, tàbí ẹ̀jẹ̀ ti pẹ́ jù tí sẹ́ẹ̀lì ti ń kú. Òkú sẹ́ẹ̀lì ń fa gbogbo àǹtíbọ́dì mọ́ra. Ẹ fi aró òkú bíi 7-AAD wò ó, kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan, àmọ́ ẹ rántí pé ojú ìran kan náà ni PerCP ń lò, nítorí náà ẹ gbé CD45 sórí aró mìíràn lọ́jọ́ náà, kí ẹ má sì fi paraformaldehyde sí i.

Ẹ̀rọ ń kún fún ìdọ̀tí kéékèèké: sẹ́ẹ̀lì pupa kò fọ́ tán. Nígbà mìíràn, omi náà ló tutù jù tàbí tó ti pẹ́. Ẹlòmíràn wà tó ní sẹ́ẹ̀lì pupa tó le, irú àwọn tó ní fọ̀níkú-fọ̀ládìde; ẹ fún tiwọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó ṣẹ́ kù

Blíìṣì tí a ń rà lọ́jà sábà máa ń jẹ́ 3.5%, ẹ wo ara igo. Ìwọ̀n kan rẹ̀ sí omi mẹ́fà ló ń fún yín ní 0.5%, èyí tó tó láti fi nu tábìlì àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí. Ṣùgbọ́n omi tí ẹ dà kúrò ní ìgbésẹ̀ ìkẹfà, ammonium chloride ló kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá da blíìṣì sí i, chloramine ni yóò jáde, gáàsì tó ń ta ojú tó sì ń jẹ àyà. Ẹ kó omi yẹn sínú ìgò tirẹ̀, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, kí ẹ fi autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò) sè é. Tó bá jẹ́ pé azide wà nínú omi ìfọ̀ yín, ẹ má ṣe fi autoclave sè é o: ẹ kó o fún ọ́fíìsì tó ń bójú tó pàǹtírí kẹ́míkà.